Ibà Lọ, Ara Kò Tíì Dé: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí Fáírọ́ọ̀sì Ń Fi Sílẹ̀ Lára

Nílẹ̀ wa, ọjọ́ tí aláìsàn bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé balùwẹ̀, tó wẹ̀, tó sì jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín tán nínú àwo, ọjọ́ náà ni gbogbo ilé máa ń sọ pé ara ti yá. Àwọn ará àdúgbò á kí i kú ewu, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí á gbọ́ ìdúpẹ́, ọ̀gá níbi iṣẹ́ á sì máa retí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ilé ìwòsàn náà ti ṣe tirẹ̀: àyẹ̀wò ní kòkòrò ti tán nínú ẹ̀jẹ̀, dókítà fọwọ́ sí ìwé, ó di ilé. Gbogbo èèyàn ló ti parí iṣẹ́ wọn nídìí àìsàn náà, àfi ara tó ṣe é.

Àkókò tó wà láàrin "kòkòrò ti lọ" àti "ara ti bọ̀ sípò" ni mo fẹ́ tọ pinpin. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í pẹ́: ikọ́ díẹ̀, àárẹ̀ díẹ̀, ó tán. Ikọ́ tó tẹ̀lé ọ̀fìnkìn pàápàá lè fà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó dáwọ́ dúró láìmú ewu kankan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fún àwọn mìíràn, oṣù ni, ọdún ni, ìgbà mìíràn ó di ti gbogbo ayé ẹni. Èrò tèmi ni pé a kò ṣe dáadáa bí a ṣe ń ya àkókò yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn. Ara àìsàn ni, ó sì yẹ kí dókítà, ọ̀gá iṣẹ́ àti ẹbí máa kà á mọ́ ọn.

Èyí tí ojú wa mọ̀ jù ni rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Èkó ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn á rántí ọmọ kan tó sáré kiri lánàá, tí ibà dé bá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì rọ. Fáírọ́ọ̀sì tó ṣe é kì í pẹ́ púpọ̀ lára; ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara ti lé e jáde. Ẹsẹ̀ tó rọ ló kù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì náà, èyí tó jẹ́ ti àdáyébá, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí èyí tó gbẹ̀yìn ní Borno lọ́dún 2016. A yọ̀, ó sì tọ́ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti kó o tẹ́lẹ̀ ṣì wà láàrin wa, ọ̀ràn wọn kò sì parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì náà pa lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àṣẹ láti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ẹran ẹsẹ̀, àwọn tó ṣẹ́ kù na ẹ̀ka tuntun jáde, wọ́n sì tẹ́wọ́ gba àwọn ẹran tí kò lálágbàtọ́ mọ́, bí ẹ̀gbọ́n tó kó ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kú mọ́ tirẹ̀, tó ń bọ́ gbogbo wọn pa pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mìíràn tó ti rọ fi tún ń dìde rìn. Àmọ́ ẹrù náà wúwo jù. Tó bá di ọdún 15 sí 40 lẹ́yìn náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Télọ̀ tó ti ń fi ọ̀pá rìn láti kékeré, tí kò fìgbà kan tọrọ jẹ, á ṣàdédé rí i pé ọwọ́ tó ń gbójú lé kò gbé áyọ́ọ̀nù mọ́, ẹran ara ń ro ó, oorun kò sì tó o. Tó bá délé ìwòsàn, wọ́n á ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí kọ́. Àìsàn tó ṣe é nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta ló padà wá gba owó èlé.

Etí ni ti ibà Lassa. Lọ́dún 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, Laura Wine, dùbúlẹ̀ àìsàn ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno, ó sì kú ní Jos. Láti ìlú Lassa yẹn ni àrùn náà ti gba orúkọ. Lónìí, ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ojúkò ìtọ́jú rẹ̀. Èkúté ló ń tọ̀ tó sì ń yàgbẹ́ sínú gàrí tí a sá síta àti oúnjẹ tí a kò dé. Lọ́dọọdún ni rédíò máa ń ka iye àwọn tó kó o àti iye àwọn tó kú fún wa. N kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ka iye etí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn tó bá yè é ni etí rẹ̀ máa ń di. Fún ìdajì nínú wọn, ìgbọ́ràn a máa padà díẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta; fún àwọn yòókù, ó lè di títí láé. Ibi tó tún ṣòro ni àsìkò tó ń ṣẹlẹ̀. Kì í sábà jẹ́ ìgbà tí ibà bá gbóná jù. Ìgbà tí aláìsàn ti ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ti ń béèrè oúnjẹ, tí gbogbo ilé ti ń mí kanlẹ̀, ni etí máa ń di. Èyí ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ fura pé àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń ba inú etí jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lé fáírọ́ọ̀sì. Bí àìsàn ṣe le tó kò sì sọ ẹni tí yóò dití. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlà-oòrùn Sierra Leone, tó jáde lọ́dún 1990, wo àwọn tó ṣàdédé dití láwùjọ: bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé Lassa ti kọjá níbẹ̀ rí, nígbà tí irú wọn tí etí wọn là kò tó méjì nínú mẹ́wàá.

Kí a ro ìyẹn mọ́ ohun kan tí a mọ̀: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó kó Lassa ni kì í ṣe ju ibà fẹ́rẹ́fẹ́ tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ mọ̀. Ẹnì kan lè dití, kó sì kú lọ́jọ́ ogbó láìmọ̀ pé Lassa ló mú etí òun lọ. Ní abúlé, wọ́n á ti wá ẹni tí wọ́n á dá a lẹ́bi, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìyá arúgbó kan.

Ti ojú ló yà mí lẹ́nu jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Ian Crozier, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ń bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣiṣẹ́ ní Kenema ní Sierra Leone, kó Ẹ́bólà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Emory ní Atlanta. Ó dé ẹnu ikú, ó padà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò pé oṣù méjì tí ojú òsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tí ìríran rẹ̀ ń ṣú. Àwọn dókítà fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa omi díẹ̀ láti inú ẹyinjú náà, fáírọ́ọ̀sì Ẹ́bólà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kò sí nínú omijé, kò sí lára ojú níta; inú ẹyinjú nìkan ló fara pamọ́ sí. Ojú náà, tó jẹ́ búlúù láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tún yí padà di àwọ̀ ewé. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ìríran sì padà díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ náà sì padà.

Àwọn ibi kan wà lára tí ara kì í jẹ́ kí ọmọ ogun rẹ̀ ti jà fitafita, nítorí ìjà náà fúnra rẹ̀ lè bà wọ́n jẹ́: inú ojú, inú ọpọlọ, inú kórópọ̀n. Fáírọ́ọ̀sì tó bá ráyè wọ ibẹ̀ lè jókòó pẹ́. Nígbà tí Ẹ́bólà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Guinea lọ́dún 2021, àyẹ̀wò fi hàn pé irú ti ọdún 2014 sí 2016 gan-an ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ara ẹnì kan tó ti yè ló ti jáde lẹ́yìn ọdún bíi márùn-ún. Ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí máa sá fún ẹni tó yè. Bíbọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tàbí jíjókòó tì í kò léwu. Àwa náà mọ̀ wọ́n: lára ogún èèyàn tó kó o ní Nàìjíríà lọ́dún 2014, mẹ́jọ kú, 12 yè. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó yè ní Liberia sì fi hàn pé ẹ̀fọ́rí, àárẹ̀, oríkèé ríro àti ìgbàgbé ń yọ wọ́n lẹ́nu ju àwọn ará ilé wọn tí kò kó o lọ.

Àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ẹni tí ẹ̀fọn bá fi chikungunya sí lára lè máa mú oríkèé rẹ̀ kiri fún ọdún. Erékùṣù La Réunion, níbi tó ti mú bí ìdá mẹ́ta àwọn aráàlú lọ́dún 2005 sí 2006, mọ ìyẹn dáadáa. Kòkòrò tó ń fa ilẹ̀ẹ́gbóná kékeré tí àwọn ọmọdé ń ṣe kì í tilẹ̀ kúrò; ó ń sùn sí ìdí àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn lára títí àgbà yóò fi dé, tó bá jí, á bu ẹ̀gbẹ́ kan ara jẹ, oró rẹ̀ sì lè kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ojú egbò ti jinná.

Gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀ ni ojú rí tàbí tí ẹ̀rọ gbé jáde. Ẹsẹ̀ tín-ín-rín kò ṣeé jiyàn sí. Níbi tí ọ̀ràn ti le ni ara tí kò fi nǹkan kan hàn, tí ẹni tó ni ín sì ń sọ pé òun kò lè gun àtẹ̀gùn.

Ní oṣù Keje ọdún 1955, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù. Kó tó di ìparí oṣù Kọkànlá, òṣìṣẹ́ 292 ló ti kọ lù: ọ̀nà ọ̀fun ń dùn wọ́n, òòyì ń kọ́ wọn, ẹran ara ń ro wọ́n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò lágbára. Wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa fún oṣù méjì àti díẹ̀. Wọn kò rí kòkòrò kankan mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbádùn, àwọn kan kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Lọ́dún 1970, dókítà ọpọlọ méjì, McEvedy àti Beard, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn pé ìpayà ọ̀pọ̀ èrò lásán ni, ọ̀kan pàtàkì lára ẹ̀rí wọn sì ni pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn. Fáìlì ni wọ́n kà. Wọn kò bá aláìsàn kankan jókòó. Mo gbà pé ẹ̀rù lè gbé èèyàn dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kó ọgọ́rùn-ún nọ́ọ̀sì dànù nítorí pé obìnrin ni wọ́n, ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì rìn jìnnà. Ó ju ogún ọdún tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń gbọ́ "àárẹ̀" tí wọ́n ń kọ "ìrònú" sílẹ̀.

Ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn wá láti Dubbo, ìlú kan ní ìgbèríko Ọsirélíà. Àwọn olùwádìí ibẹ̀ kò dúró de ìgbà tí àárẹ̀ bá ti wọ̀ wọ́n lára. Ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti so mọ́ èèyàn 253, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn lọ. Kòkòrò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe wọ́n: ọ̀kan jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tó ń wú ọrùn àti ọ̀nà ọ̀fun àwọn ọ̀dọ́, ọ̀kan jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tí ẹ̀fọn ń gbé, ìkẹta kì í tilẹ̀ ṣe fáírọ́ọ̀sì, ara ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ti ń kó o. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bíi 12 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò tíì gbádùn. Ohun tó ń ṣe wọ́n sì jọra, kòkòrò yòówù kó jẹ́. Àwọn wo ni? Kì í ṣe àwọn tó ti ń ronú tẹ́lẹ̀, kì í ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Bí àìsàn náà ṣe le tó níbẹ̀rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọdún 2006 ni èsì náà jáde. Ká ní ayé fetí sí i ni, Kòrónà ì bá má bá wa lójijì.

Kòrónà bá wa lójijì. Oṣù Kejì ọdún 2020 ló wọ Nàìjíríà. Kó tó di oṣù Karùn-ún, àwọn tó kó o ní Yúróòpù ti ń ké lórí Twitter pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n dá fún wọn ti kọjá, ara kò sì yá. Elisa Perego, ọmọ Ítálì kan tó ń wádìí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ló fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé wá ń pè é, Long Covid. Ẹ kíyè sí i pé aláìsàn ló sọ ọ́ lórúkọ, dókítà kọ́. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: ohun tó bá ń ṣe èèyàn ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Kòrónà bẹ̀rẹ̀, tó ti wà fún oṣù méjì ó kéré tán, tí a kò sì rí àìsàn mìíràn tó fà á. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, iye àwọn tó sọ pé ó ń ṣe àwọn ní ìlú Ọba jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án.

Ẹni tó bá rò pé àìsàn òyìnbó ni kó wo Èkó. Àwọn dókítà tẹ̀ lé àwọn 274 tó ti gba ìtọ́jú Kòrónà níbẹ̀, ìwádìí wọn sì jáde lọ́dún 2021: bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló ṣì ní ohun kan tó ń ṣe wọ́n. Kí ara tètè máa rẹ̀ wọ́n ló ṣíwájú, òun àti ẹ̀fọ́rí, lẹ́yìn náà àyà dídùn.

Àárẹ̀ yìí yàtọ̀ sí ti ẹni tó re oko dé. Oorun kì í mú un lọ. Ẹni tó ń ṣe lè fi ọjọ́ Sátidé lọ sọ́jà, kó dáná, kó gba àlejò, kó sì máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Àìkú, ó tún lè dìde. Ọjọ́ Ajé ló wó lulẹ̀, kò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Torí pé ìyà náà ń pẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó dé, kì í so ó mọ́ ọjà tó lọ. Ní Amsterdam, àwọn olùwádìí mú èèyàn 25 tí irú èyí ń ṣe àti 21 tí ara wọn dá, wọ́n gé ẹran tín-ín-rín lára itan wọn, wọ́n ní kí wọ́n wa kẹ̀kẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 15, wọ́n sì tún gé òmíràn. Èsì tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 fi hàn pé nínú ẹran àwọn aláìsàn, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára ń ṣiṣẹ́ dín kù lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà, ẹran wọn sì bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, kó kọ́kọ́ wo ẹran yẹn.

Òmíràn wà tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ ńlá, tí kò sì yẹ kó bọ́ mọ́ ilé ìwòsàn kékeré kankan lọ́wọ́. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì á ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Á dìde dúró, nọ́ọ̀sì á tún máa kà á títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú àgbàlagbà, bí iye náà bá fi 30 lé sí i ní ìṣẹ́jú kan, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò sì já wálẹ̀, ohun tó ń darí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ wa ló ti dàrú. Ìdí nìyẹn tí òòyì fi ń kọ́ ọ nídìí àwo tó ń fọ̀, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Kò sí ayé kankan tó ń lé e.

Irun ńkọ́? Oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ibà líle, irun lè máa re sọ́wọ́ ní ìdì ìdì. Á tún hù. Onídìrí tí wọ́n ń bá jà ní àsìkò yẹn kò jẹ̀bi.

Kí ló ń fa Long Covid yìí gan-an? Wọ́n ti rí àjókù fáírọ́ọ̀sì lára àwọn kan, wọ́n rí ọmọ ogun ara tó kọ̀ tí kò palẹ̀ ìjà mọ́ lára àwọn mìíràn, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì wẹ́wẹ́, wọ́n rí kòkòrò àtijọ́ tó tún ta jí. Ó jọ pé ohun tó ju ọ̀kan lọ ni, tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé òun ti mọ ọ̀kan ṣoṣo tó ń fà á, ẹ wo àpò rẹ̀, ó ní oògùn tó fẹ́ tà.

Ìpalára kan tún wà tí ẹni tó ní i kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ara ọmọ tó bá ṣe èèyí á gbàgbé ọ̀pọ̀ ìjà tó ti jà rí. Ìwádìí kan lórí ọmọ 77 tí wọn kò gba àjẹsára ní Netherlands, èyí tó jáde lọ́dún 2019, fi hàn pé èèyí pa ìdá 11 sí 73 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ́ lára ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi ń dá kòkòrò mìíràn mọ̀. Ọmọ náà á gbádùn, awọ ara rẹ̀ á jọ̀lọ̀. Oṣù díẹ̀ sí i, ìgbẹ́ gbuuru tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóró á gbé e padà sílé ìwòsàn, kò sì ní sí ẹni tí yóò so méjèèjì pọ̀. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án àti ti oṣù 15 tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ń dáàbò bo ju èèyí nìkan lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, àárẹ̀ tó bá pẹ́ lára ní orúkọ kan ṣoṣo: "ibà àti táífọ́ọ̀dù". Kẹ́míìsì á gún un lábẹ́rẹ́, láàbù á ṣe àyẹ̀wò Widal, èsì á ní táífọ́ọ̀dù wà, oògùn ọjọ́ méje á di mẹ́rìnlá. Bẹ́ẹ̀ ipa ìjà tí ara ti jà rí ni àyẹ̀wò yẹn ń wá, ó lè rí i lára ẹni tí táífọ́ọ̀dù kò ṣe. Lẹ́yìn èyí ni àgbo, lẹ́yìn àgbo ni oògùn ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á gbé e lọ sórí òkè. Àdúrà kò ba nǹkan jẹ́. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta fún ẹni tí kò lè dúró níwájú iná ìdáná ni mi ò fara mọ́.

Èmi náà kò ní kí a wá di gbogbo rẹ̀ ru fáírọ́ọ̀sì. Ikọ́ tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí òógùn òru àti rírù wà níbẹ̀, ikọ́ ife ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ń rẹ èèyàn bákan náà. Àyà tó ń dùn téèyàn bá ti ń rìn, èémí tó ń há lórí ìjókòó, ẹsẹ̀ kan tó wú, dídákú, apá kan ara tó kọṣẹ́: àwọn yẹn kò gba "ẹ jẹ́ ká wò ó títí di ọ̀la".

Nígbà tí wọ́n bá ti yẹ gbogbo ìyẹn wò tán, ohun tó kù ni kí èèyàn ṣọ́ agbára ara rẹ̀ ná. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni pé kí aláìsàn máa fi eré ìdárayá kún un díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ o, kò rẹ̀ ẹ́ o. Àjọ NICE tó ń la ọ̀nà fún àwọn dókítà ìlú Ọba ló fàṣẹ sí i fún àwọn tí àárẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń ṣe lọ́dún 2007. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbà á padà. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: dúró kó tó rẹ̀ ọ́. Bí ọjọ́ kan bá dára, má fi ọjọ́ náà fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Jókòó bẹ ẹ̀gúsí. Jẹ́ kí ọmọ ó pọn omi.

Ta ló lè ṣe é? Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún tó lè fi ṣàìsàn kí owó rẹ̀ má dúró, tí dókítà bá ti kọ̀wé sí i. Ní ìlú Ọba, òfin fún un ní ọ̀sẹ̀ 28, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kò tó nǹkan. Aláta tó wà ní Bódìjà kò ní ọjọ́ kankan. Nígbà náà, ẹni tí a ń sọ fún pé kó sinmi, àwọn tó yí i ká ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí: ta ni yóò bá a ṣí ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò san àjọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ó ku imú. Fáírọ́ọ̀sì Kòrónà kì í sábà pa iṣan tó ń gbóòórùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣan náà ró tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ ló ń kọ lù. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, òórùn padà láàrin oṣù kan. Ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn kan, ẹ sì ro ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ìyá olóúnjẹ tí kò mọ ìgbà tí ìrẹsì jó, tí kò mọ irú tó pé sí irú tó ti bàjẹ́, tó ń fi ojú nìkan se ọbẹ̀. Gáàsì tó ń jò kò tilẹ̀ ní kí i.

Ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí jù kò wọ́n. Lọ́dún 2009, Thomas Hummel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden ní Jámánì fún àwọn tí imú wọn ti kú ní ìgò mẹ́rin: òdòdó róòsì, ewé yukalípítọ́ọ̀sì, lẹ́mọ́ọ̀nù àti kànáfùrù. Láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n á gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, wọ́n á sì máa rántí bó ṣe ń rùn tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ṣe é. Kànáfùrù wà lọ́jà wa, òroǹbó wẹ́wẹ́ sì lè rọ́pò lẹ́mọ́ọ̀nù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́ ni ìgbà tí òórùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í padà, torí kì í padà ní títọ́. Àlùbọ́sà tó ń dín nínú epo á máa rùn bí ìdọ̀tí tó ń jó, ẹran sísun á dà bí òkú, kọfí kò ní ṣeé sún mọ́, aláìsàn á sì rò pé ọ̀ràn òun ti burú sí i. Àwọn onímọ̀ kà á sí ìdàkejì: iṣan tuntun ló ń so ara rẹ̀ mọ́ ọpọlọ, tí kò tíì mọ ojú ọ̀nà. Ẹni tí ọbẹ̀ aya rẹ̀ bá ń rùn sí bẹ́ẹ̀ kó jẹ ẹ́ ní tútù, òórùn rẹ̀ kì í pọ̀ tó ti gbígbóná, kó sì máa gbóòórùn kànáfùrù rẹ̀ lọ.